Alátọ̀gbẹ, Ta Ló Yẹ Ojú Yín Wò Lọ́dún Yìí?

Ojú lọba ara. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ó ní àtọ̀gbẹ ni ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ inú ojú wọn wò rí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin ìdílé sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan tí ń ta gàrí ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Ó ń lọ sí ilé ìwòsàn déédéé, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé: “Ìyá, ẹ lọ fi ojú yín han dókítà ojú.” Òun náà kò bèèrè, nítorí ó ṣì ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ohun dúdú bí òwú aláǹtakùn níwájú ojú. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó ra oògùn ìkánlójú lọ́jà. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ojú kan ti lọ.

Kí ló fà á? Lẹ́yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ni ó ń bọ́ ọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn iṣan náà a máa jò, òmíràn a dí, àwọn tuntun tí kò lágbára a hù, wọn a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì dà sínú ojú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní dunni, ojú kò ní pọ́n, ìríran kò sì ní yí padà. Nínú alátọ̀gbẹ mẹ́ta, bí ẹnì kan ni ó ní àmì àrùn yìí lójú. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ìtọ́jú wà. Láti ọdún 1976 ni ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ làsáà lè dín irú ìfọ́jú yìí kù tó ìdajì. Lónìí, abẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìríran tí ó kù ni wọ́n ń dá dúró. Èyí tí ó ti lọ kì í sábà padà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe gbogbo alátọ̀gbẹ tí ó ti pé ọdún 12 láti wá ya àwòrán ẹ̀yìn ojú wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2010, àrùn yìí kì í ṣe òléwájú mọ́ nínú ohun tí ń fọ́ ojú àwọn tí ó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́.

Ní abúlé tiwa, ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ kì í wá. Dókítà tí ń wo ṣúgà wà níhìn-ín, dókítà ojú wà ní Kútọnu tàbí ìlú ńlá mìíràn. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọjọ́ ọjà kan a sì lọ. Nítorí náà, àwa ìdílé ni kí á máa pe ara wa.

Bí wọ́n bá ti sọ pé àgbàlagbà kan ní àtọ̀gbẹ, kí ó lọ yẹ ojú wò lọ́dún náà gan-an, kí ó sì máa lọ lọ́dọọdún. Aláboyún tí ó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oyún dàgbà kí ó tó lọ. Ẹ bi dókítà yín pé: “Ta ni yóò wo ẹ̀yìn ojú mi?” Kíka lẹ́tà lára ògiri àti ríra awò ojú kò tó. Wọn yóò kán oògùn tí ń mú kí ọmọlójú fẹ̀, ojú yóò sì ṣú fún wákàtí díẹ̀. Ẹ mú ọmọ kan dání.

Bí alátọ̀gbẹ mẹ́rin bá wà ládùúgbò, ẹ ò ṣe da owó ọkọ̀ pọ̀, kí ẹ jọ lọ lọ́jọ́ kan náà?