Àṣé dráyà irun lè gbẹ yunifọ́ọ̀mù ọmọ, kó tún yọ sítíkà lára abọ́! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e wọ balùwẹ̀, ikú ló ń bá ṣeré

Ilé tí ọmọ iléèwé bá wà lásìkò òjò, ẹni tó bá débẹ̀ láago márùn-ún ìdájí yóò rí ìran wò. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fọ̀ lálẹ́ àná ṣì tutù rinrin lórí okùn. Ìbọ̀sẹ̀ ń kán tó-tó-tó. Bàtà dúdú tí òjò pa nígbà tọ́mọ ń bọ̀ nílé ṣì fa omi síkùn. Áyọ́ọ̀nù ni ìyá ọmọ máa kọ́kọ́ sáré gbé, àmọ́ aṣọ tó tutù báyẹn, ooru lásán ló máa ń rú lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, kò ní í gbẹ dénú, òórùn rẹ̀ á sì tẹ̀ lé ọmọ dé kíláàsì. Ibẹ̀ lojú ìyá ti máa ń lọ sórí wọ́dúróòbù, níbi tí dráyà tó fi ń gbẹ irun wà.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Dráyà kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ mú, èyí táwọn onídìrí ń pè ní háńdì-dráyà, ti kúrò ní nǹkan orí nìkan. Ojúlé mìíràn wà báyìí tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fi gbẹ irun kò tó ọjọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, owó rẹ̀ ò ṣòfò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò ńkọ́? Dráyà kan náà lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, ó lè sọ iná sílé, ó sì lè pa èèyàn. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Kí tiẹ̀ ni dráyà? Atẹ́gùn gbígbóná ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù kékeré wà nínú rẹ̀ tó ń fa atẹ́gùn wọlé láti ẹ̀yìn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n wé lóríṣiríṣi wà níwájú fáànù náà, òun ló máa ń pọ́n bí iná bá dé. Atẹ́gùn á gba ara wáyà náà kọjá, á sì gbóná jáde lẹ́nu. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alexandre Godefroy, ló ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù onírun ní nǹkan bíi ọdún 1890, ẹ̀rọ ńlá tí kò ṣeé gbé kiri ni. Ó di àwọn ọdún 1920 kí wọ́n tó máa ta èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Tìgbà yẹn ò ju nǹkan bíi 100 wáàtì lọ, irun kan lèèyàn á máa gbẹ títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Èyí tó wà lọ́jà lónìí, láti 1,000 wáàtì lọ dé 2,000 ni. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló ń fa wàhálà tó pọ̀ jù.

Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi dráyà gbẹ yunifọ́ọ̀mù kì í gbé e kọjú sí aṣọ tó ń kán omi. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n á ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, wọ́n á wá fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Tówẹ́ẹ̀lì á mu omi náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aṣọ kọ́ hángà, wọ́n á sì máa gbé dráyà lọ síwá sẹ́yìn, kó jìnnà sáṣọ tó ìka ọwọ́ kan. Ọrùn aṣọ, abíyá, ìbàdí àti àpò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ laṣọ ti nípọn. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbẹ débi tí áyọ́ọ̀nù á lè parí ẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ lohun táwọn èèyàn fi ń ba dráyà jẹ́. Wọ́n á ki ìbọ̀sẹ̀ tútù bọ ẹnu rẹ̀ bí ẹni wọ fìlà fún un, wọ́n á wá tan án. Lóòótọ́, ìbọ̀sẹ̀ á máa gbẹ, àmọ́ atẹ́gùn ò ní í ríbi jáde dáadáa. Ooru á padà sínú, wáyà á pọ́n jù, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọ̀pọ̀ dráyà ló ní nǹkan kan nínú tó máa ń pa á fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná jù. Bó bá kú báyẹn, kò tíì bàjẹ́ o, kí wọ́n yọ ọ́ nídìí iná, kó sinmi, kó tutù. Ẹni tó bá ń pa á tó ń tàn án nígbà gbogbo lórí ìbọ̀sẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ún.

Ti bàtà tún rọrùn. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rún sínú bàtà mọ́jú, òun ló máa fa omi inú rẹ̀. Bó bá di àárọ̀, kí wọ́n fa awẹ́ tó wà nínú bàtà jáde, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn tí kò gbóná púpọ̀ sí i. Bí ooru bá pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù tó mú ìtẹ̀lẹ̀ bàtà á yọ́, ẹnu bàtà á sì là gbàgà lójú títì.

Ẹ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ iléèwé, ẹ bọ́ sílé ìdáná. Ta ni kò ní abọ́ òde ìnáwó nílé? Wọ́n ṣe òkú ìyá ẹnì kan, wọ́n pín abọ́ oníke. Ẹlòmíràn ṣe àádọ́ta ọdún, ó pín jọ́ọ̀gì. Sítíkà ńlá tó ní àwòrán olóde ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀bà, ojú olóde á máa wò ó bọ́ láti ara abọ́. Bí wọ́n bá fi èékánná họ ọ́, á já ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì máa mú eruku. Dráyà ló mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ooru sí sítíkà náà fún bí ìṣẹ́jú kan, gọ́ọ̀mù á rọ̀, wọ́n á kàn fa igun rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni, á ṣí lódindi. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, òróró ìdáná ni kí wọ́n fi pa á, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àbẹ́là tó yọ́ sórí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n múná lọ. Ọ̀bẹ táwọn èèyàn fi ń họ ọ́ ló ń ha tábìlì jẹ́. Kí wọ́n fẹ́ ooru sí i, kó rọ̀, kí wọ́n wá fi àkísà nù ún kúrò.

Ẹni tó ra bàtà tuntun fún òde ọjọ́ Sátidé, tó sì ń fún un lẹ́sẹ̀, kò yẹ kó máa tiro kiri níbi àríyá. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn ni kó wọ̀, kó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, kó fẹ́ ooru sí ibi tó ti ń fún un fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kó máa rìn nínú ilé títí bàtà á fi tutù. Bó bá jẹ́ awọ gidi ni, á fẹ̀ díẹ̀. Bí kì í bá ṣe awọ, kó má dán an wò, ó lè sán.

Bọ́tìnnì atẹ́gùn tútù tó wà lára dráyà mìíràn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òdòdó oníke tó wà ní pálọ̀, tí eruku ti sọ di aláwọ̀ eérú, atẹ́gùn tútù ló máa fẹ́ eruku rẹ̀ dànù láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn rédíò àti àárín bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Atẹ́gùn tútù ni. Wọ́n ò gbọdọ̀ fi ooru fẹ́ wọn.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn iṣẹ́ kan wà táwọn èèyàn ń fi dráyà ṣe, tó jẹ́ pé àǹfààní rẹ̀ kò tó ewu rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni yìnyín inú fíríìsà. Òótọ́ ni pé ọ̀bẹ ni àwọn kan fi ń gbẹ́ yìnyín, tí wọ́n á sì gún páìpù gáàsì, tí fíríìsà á di kọ́bọ́ọ̀dù. Àmọ́ dráyà náà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí yìnyín bá ń yọ́, omi ló ń dà, ẹni tó sì di dráyà mú sínú omi ń fi ara rẹ̀ wéwu. Kí wọ́n pa fíríìsà, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀, kí wọ́n gbé abọ́ omi gbígbóná kan sínú rẹ̀. Yìnyín náà á bọ́ fúnra rẹ̀.

Ìkejì ni fóònù tó já sómi. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé kí wọ́n fi dráyà fẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n rì í mọ́nú ìrẹsì. Iléeṣẹ́ Apple tó ń ṣe fóònù iPhone sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe méjèèjì. Atẹ́gùn tó le lè ti omi wọnú lọ síbi tí kò tíì dé, ooru sì lè ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n pa fóònù náà, kí wọ́n rọra gbọn omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ìkẹta ni ìdun. Lóòótọ́, ooru ń pa ìdun, àmọ́ atẹ́gùn dráyà á ti fọ́n wọn ká kí ooru tó pa wọ́n. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan á bá ara wọn nínú àga. Ìkẹrin ni ìdí ọmọ jòjòló. Àwọn ìyá kan máa ń fẹ́ ẹ gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, awọ ọmọ ò le, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti bó o.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Nílé "face-me-I-face-you" tí gbogbo ayálégbé ti ń dá owó iná pọ̀, ariwo dráyà láàárọ̀ kì í ṣe ohùn tí aládùúgbò fẹ́ gbọ́. "Ìyá Bùsọ́lá, ẹ tún ti gbé nǹkan yín jáde! Ṣé èmi ni mo máa bá yín san án ni?" Ọ̀rọ̀ á di tìyá-tìyá, lọ́ńlọ́ọ̀dù á sì bá wọn dá sí i. Ẹni tó ń pariwo kò jẹ̀bi tán. Dráyà 1,500 wáàtì kan ń jẹ iná ju gílóòbù 150 tó jẹ́ oní-9 wáàtì lọ. Bí wọ́n bá lò ó fún ogún ìṣẹ́jú, ààbọ̀ yúníìtì ti lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, owó yúníìtì kan fáwọn tó wà ní Band A jẹ́ náírà 209 àti kọ́bọ̀ 50. Ìyẹn ni pé ogún ìṣẹ́jú yẹn ń lọ sí náírà 105. Bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún tọ́mọ fi ń lọ síléèwé, ó ti lé ní 500 náírà lọ́sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tówẹ́ẹ̀lì ló gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, kí dráyà wá parí ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n sọ lórúkọ "I better pass my neighbour" kò ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ. Ẹni tó bá ki dráyà bọ̀ ọ́, jẹnẹrétọ̀ á kọ́kọ́ ké bí ẹni tí wọ́n gbá nínú, á sì kú. Wáyà ẹksitẹ́ńṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣájì fóònù náà kò lè gbé e. Á gbóná, á yọ́, bó bá sì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́yìn kọ́tìnnì, iná dé nìyẹn. Ara ògiri tààrà ni kí wọ́n ti máa ki dráyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ tún ní tiwọn. Iná Amẹ́ríkà, 120 fóòtì ni. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Dráyà tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Houston, bí wọ́n bá kì í bọná nílé, á hó lẹ́ẹ̀kan, á yọ èéfín, ó parí. Àfi èyí tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára pé ó lè jẹ iná méjèèjì, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń yí i. Ti London ní tiẹ̀ kì í ní ìṣòro, torí iná wọn ò jìnnà sí tibí. Èyí tó burú jù ni pé àwọn kan máa ń gé orí pílọ́ọ̀gì ńlá tó wà lára dráyà Amẹ́ríkà dànù kí wọ́n lè fi tibí sí i. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ló wà nínú orí ńlá yẹn. Òun ló máa ń já iná lójú ẹsẹ̀ bí dráyà bá kan omi. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti fi lélẹ̀ lọ́hùn-ún pé ẹ̀ṣọ́ náà gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, yálà wọ́n tan dráyà tàbí wọn ò tàn án.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ pé "tàbí wọn ò tàn án"? Ohun tó ń pa èèyàn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí wọ́n bá ti pa bọ́tìnnì dráyà, iná ti kúrò lára rẹ̀. Irọ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà ní títàn, iná wà nínú rẹ̀. Bó bá já bọ́ sínú báàfù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, omi náà ti di iná. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́ lè má padà jáde. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gbà kí wọ́n ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán sítòsí ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, àfi ti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n. Nílé ibí, àwọn kan ń fa ẹksitẹ́ńṣàn wọ balùwẹ̀ nítorí pé dígí wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dráyà nílé, ẹ má jù ú nù o. Ẹ lò ó, kó gba ọmọ yín lọ́wọ́ ẹgba tíṣà lọ́jọ́ òjò. Àmọ́ bí ọwọ́ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ nù ún. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ wọ bàtà tàbí kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí irun àti òwú aṣọ bá ti dí i, ẹ yọ ọ́ dànù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fa pílọ́ọ̀gì rẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, kì í ṣe bọ́tìnnì nìkan ni kẹ́ ẹ pa. Ẹ fà á yọ lára ògiri, kẹ́ ẹ tó pe ọmọ pé kó wá wọ yunifọ́ọ̀mù.