Òjìji Máa Ń Rìn, Ògiri Tó Lanu Kì Í Rìn: Bí Fọ́tò Ilé Ṣe Lè Sọ Òótọ́ Fún Wa

Púpọ̀ nínú àwa tí a wà ní Kánò, Jos, Kàdúná àti Port Harcourt ló ń kọ́lé sílé láì fojú kan iṣẹ́ náà. Fóònù la fi ń bójú tó o. A ó fi owó símẹ́ǹtì ránṣẹ́, àbúrò á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a ó wò ó, a ó ní "ẹ kú iṣẹ́ o." Ìgbà tí a bá wá délé fún Iléyá tàbí Kérésì, a ó rí i pé ògiri tó tẹ́jú nínú fọ́tò rí gbágungbàgun. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní àbúrò ti kówó jẹ. Nígbà míì, ó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó purọ́. Ibi tí oòrùn dúró sí nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ni kò jẹ́ kí àléébù hàn.

Ẹni tó bá mọ bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ilé, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò bẹ́ẹ̀, kò sì ní ka ẹ̀sùn sí ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ láìṣẹ̀.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oníbàárà tó gbọ́n kì í wo aṣọ òkè lójú kan. Á gbé e síta, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà yẹn ló máa rí òwú tó yọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ògiri rí.

Tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò, tó kọjú sí ògiri gbọnrangandan, ọ̀dà ilé á mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ògiri á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pépà. Ibi tó wú àti ibi tó jìn kò ní hàn, torí òjìji wọn kò ríbi yọ sí. Fọ́tò báyìí dára fún ẹni tó fẹ́ mọ àwọ̀ ọ̀dà.

Tí oòrùn bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tó ń fara ra ògiri lọ, gbogbo ibi tó wú ló máa ní òjìji tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Pilásítà tí wọn kò fà dọ́gba á hàn. Ojú búlọ́ọ̀kù tí wọn ò dí dáadáa á hàn. Fọ́tò yìí ni ẹni tó ń náwó gbọ́dọ̀ máa béèrè.

Tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ilé, ilé á dúdú, ojú ọ̀run á funfun, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí ju bí òrùlé ṣe rí lọ. Ọ̀sán gangan náà kò dáa. Oòrùn á wà lókè orí, òrùlé tó yọ síta á da òjìji bo ògiri.

Òjìji ló ń fún ilé lára

Kì í ṣe àléébù nìkan ni òjìji ń fi hàn o. Ẹwà ilé gan-an wà nínú rẹ̀. Lucien Hervé, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Hungary, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ilé tí Le Corbusier kọ́ ní 1949, òjìji dúdú kirikiri ló fi ń ya ilé tó fi di olókìkí. Ẹ wo Yunifásítì Ifẹ̀ náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí Arieh Sharon yàwòrán kíkọ́ wọn níbẹ̀, òkè wọn yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, kí àjà òkè lè máa ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá yà wọ́n láìsí òjìji kò tíì ya ilé náà.

Àwa tí a wà lókè Ọya kò sì ní láti rìn jìnnà ká tó kọ́ ọ. Ẹ wo àwọn ilé amọ̀ àtijọ́ ní Kánò àti Zaria, tí wọ́n fi amọ̀ ya ọnà sójú ògiri. Tí oòrùn bá kọjú sí ọnà yẹn tààrà, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Tí oòrùn bá wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọnà náà á yọ síta bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ mọ ọ́n.

Torí náà, ẹni tó ń ya ilé kó má dúró síwájú ilé nìkan. Kó lọ sí igun, kó rí ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan nínú òjìji. Ìgbà yẹn la máa mọ bí òpó ṣe nípọn tó àti bí fèrèsé ṣe jìn wọ inú ògiri tó.

Aago àti oṣù

Ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni kí wọ́n yà á. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ni. Kí wọ́n tún yà á nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ara ògiri tàbí tó ń kúrò níbẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń fara rà á.

Ti ẹ̀gbẹ́ àríwá àti gúúsù ló ń da èèyàn láàmú. Nílẹ̀ Yorùbá, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin dé òpin oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá. Tó bá di oṣù kejìlá, apá gúúsù ló wà látàárọ̀ dalẹ́, oòrùn kì í dé ara ògiri àríwá rárá. Tí wọ́n bá ní ẹ̀yìn ilé ṣókùnkùn nínú fọ́tò oṣù kejìlá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó kọjú sí.

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, òjìji á rẹ̀, àléébù á sápamọ́. Lẹ́yìn òjò, afẹ́fẹ́ máa ń mọ́, òjìji á sì gún régé.

Ṣé òjìji ni àbí ògiri ló lanu?

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, òjìji wáyà iná tàbí ẹ̀ka igi lè jọ ibi tí ògiri ti lanu. Òjìji òrùlé náà sì lè bo ibi tí omi ti ń rin mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò le: ẹ ní kí wọ́n ya ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti ojú kan náà. Òjìji á ti kúrò níbẹ̀. Ògiri tó lanu á ṣì wà níbi tó wà. Kí wọ́n gbé báírò lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Nínú yàrá, kí wọ́n pa iná fóònù tó ń kọ mànà, torí iwájú ló ti ń wá, ó sì ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Kí wọ́n dúró dalẹ́, kí ẹnì kan gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ara ògiri láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹlòmíì máa ya fọ́tò. Ibi tí pilásítà ti wú máa hàn kedere.

Ohun tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sílé

Ẹ sọ fún ẹni tó wà nílé pé:

Kó nu ojú kámẹ́rà, kó gbé fóònù dúró ṣánṣán. Tó bá gbé e sókè jù, ògiri á dà bí èyí tó fẹ́ wó.

Kó sún sẹ́yìn kí gbogbo ilé lè wọlé, kó tó wá sún mọ́ ọn.

Kó tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára ògiri lójú fóònù kó tó yà á, kí oòrùn má bàa fọ́ ọ lójú.

Kó ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó kọ aago sí ìsàlẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò kò lè rọ́pò ẹnjiníà o. Kò lè sọ iye irin tó wà nínú kọnkéré fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó lanu láàárọ̀, tó tún wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ dá owó pilásítà dúró ná, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ wò ó.