Búṣì Ọkọ̀ Àtijọ́ Lórí Ọ̀nà Gbágungbàgun: Èwo Ni Ó Yẹ Kí A Yàn?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àná àti ẹ̀yin òbí wa ni ẹ mọ Peugeot 504 dáadáa. Òun ni ọkọ̀ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, òun ni ọkọ̀ dókítà àti ti olùṣọ́-àgùntàn ìjọ. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn nínú wọn ni ó sì ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Láti ọdún 1975 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, títí di òní olónìí ni ọ̀kan sì ṣì wà ní àgbàlá àwọn ilé kan nílẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ọmọ kò fẹ́ tà nítorí pé ti bàbá wọn ni.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá tún jáde sí ojú títì, ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà ara rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń náwó lé. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kì í rí, òun gan-an ni yóò sì sọ bóyá ọkọ̀ náà yóò dúró tààrà nígbà tí a bá tẹ búréèkì lójijì. Búṣì ni à ń pè é níhìn-ín. Àwọn mẹkáníìkì Kùtọnù àti Lomé, tí èdè Faransé wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, a máa pè é ní silentbloc.

Búṣì kì í ṣe rọ́bà lásán. Irin roboto kékeré kan wà nínú rẹ̀, irin roboto tí ó tóbi jù ú lọ wà lóde, rọ́bà ni a sì fi ooru lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì láàárín. A ti irin òde wọ ojú ihò apá irin tí ó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní áàmù. Bóòtù gba inú irin kékeré kọjá, ó sì dì í mọ́ ara ọkọ̀ pinpin. Nígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, áàmù á lọ sílẹ̀, á sì tún gòkè, síbẹ̀ kò sí irin tí ń yí lórí irin níbẹ̀. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ́, bí ìgbà tí ènìyàn di aṣọ mú lápá méjì tí ó sì fi ọwọ́ kan yí i díẹ̀. Bí áàmù bá padà sípò, rọ́bà náà á padà. Ìdí nìyí tí kò fi béèrè gíríìsì. Rọ́bà kan náà yìí ni ó ń gba ìkọlù kòtò mọ́ra kí ó tó dé ara ọkọ̀, àǹfààní ńlá ni èyí sì jẹ́ fún 504 sàlúùnù, tí kò ní ṣásí mìíràn lábẹ́ ara rẹ̀.

Bí búṣì bá ti kú, ọkọ̀ kì í dákẹ́. Yóò máa dún kó-kó lórí gálọ́ọ̀pù. Táyà yóò máa jẹ lápá kan. Bí a bá tẹ búréèkì, imú ọkọ̀ yóò yà sí ẹ̀gbẹ́. Èyí ìkẹyìn yìí ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Agbára ńlá ni ó ń fa táyà sẹ́yìn nígbà tí a bá tẹ búréèkì. Bí rọ́bà tí ó yẹ kí ó di áàmù mú bá ti ya, táyà ọ̀tún lè sún sẹ́yìn ju ti òsì lọ, ọkọ̀ a sì ṣẹ́rí láìjẹ́ pé awakọ̀ yí ọwọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bọ̀ níwájú, tí bàbá àti ìyá àgbà sì wà lẹ́yìn, kò sí àyè fún irú ìṣẹ́rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà ni yóò fẹ́ ra búṣì ránṣẹ́ sílé. Lára ohun tí wọn yóò bá pàdé lọ́jà ibẹ̀ ni búṣì polyurethane, aláwọ̀ pupa tàbí búlúù, tí a ń polówó pé ó lágbára ju rọ́bà lọ. Ìpolówó náà kì í ṣe irọ́. Epo ẹ́ńjìnnì kì í tètè bà á jẹ́, oòrùn kì í tètè mú kí ó sán, a sì sábà máa ń lè fi ọwọ́ tì í wọlé láìlo ẹ̀rọ ìtẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ díje lórí ọ̀nà tí ó tẹ́jú yóò gbádùn rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ á dáhùn kíákíá bí a bá ti yí sítíárì.

Ọ̀nà tiwa ńkọ́? Polyurethane kì í lọ́ bí rọ́bà. Ṣe ni ó ń yí lórí irin tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ó nílò gíríìsì tirẹ̀, èyí tí a fi silicone ṣe, àti àbójútó déédéé. Bí eruku ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹrẹ̀ òjò bá wọ ibẹ̀, iyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í họ irin náà, búṣì á sì máa han bí ìlẹ̀kùn àgbà. Ó tún le. Lórí ìwọ̀n líle tí à ń pè ní Shore A, rọ́bà búṣì sábà máa ń wà láàárín 50 sí 70, ṣùgbọ́n polyurethane a máa wà láàárín 70 sí 95. Ìkọlù tí rọ́bà ì bá gbà mọ́ra yóò kọjá lọ bá ojú ibi tí a ti jó irin mọ́ irin, lára ọkọ̀ tí ó ti lò tó ogójì ọdún, tí ìpẹtà sì lè ti jẹ ẹ́ nínú. Ẹni tí ó bá rò pé líle ni agbára kí ó wo 504 fúnra rẹ̀, tí ó borí nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1975 àti 1978: sípíríǹgì ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ṣe rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè-sódò jìnnà.

Rọ́bà irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe ni èmi yóò fi sí i. Ibì kan ṣoṣo tí mo lè gba polyurethane láàyè ni orí ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà, nítorí ó rọrùn láti tú u, kí a nù ún, kí a sì tún fi gíríìsì sí i. Ní ti èyí tí wọ́n ń gé láti ara táyà àlòkù, ẹ má ṣe gbà á rárá: kò lẹ̀ mọ́ irin kankan, yóò kàn máa yí lórí bóòtù títí ihò yóò fi fẹ̀ ni.

Níbi ríra, ojúlówó nìkan kò tó. Rọ́bà ń darúgbó nínú páálí bí a kò tilẹ̀ lò ó. Búṣì tí ó ti wà lórí pẹpẹ fún ọgbọ̀n ọdún lè ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára, kí ó sì ti gan bí igi. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ó rọ̀ díẹ̀, kí ó sì padà. Ẹ wo etí ibi tí rọ́bà ti pàdé irin; bí ẹ bá rí ìsán tàbí àlàfo níbẹ̀, ẹ dá a padà. Tòkúnbọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́ yọ dànù. Tọ̀tún-tòsì ni kí ẹ sì rà papọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ búṣì dáradára ti ń kú ni ọwọ́ ẹni tí ó fi í sí i. Jáàkì ni a fi ń gbé ọkọ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì rọ̀ wálẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fún bóòtù pinpin ní ipò yìí, ibẹ̀ ni rọ́bà yóò mọ̀ sí ibùgbé rẹ̀. Ní kété tí ọkọ̀ bá balẹ̀, rọ́bà ti lọ́, kò sì ní sinmi mọ́, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ dúró sójú kan. Kòtò tí ó bá dé lẹ́yìn náà ni yóò fà á ya. Ẹ jẹ́ kí ó fi bóòtù sílẹ̀ láìfún un tán, kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó mì ín lókè-nílẹ̀ díẹ̀, kí ó tó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fún bóòtù náà pinpin. Iṣẹ́ náà há, ó sì ń dọ̀tí aṣọ, nítorí náà ẹ dúró tì í títí yóò fi ṣe é. Omi ọṣẹ ni kí ó fi mú búṣì yọ̀ wọlé, kì í ṣe gíríìsì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí ó sì lò, kì í ṣe òòlù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ da ọ́ìlì àlòkù sí i nítorí pé ó ń dún, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: epo bẹ́ẹ̀ ń mú rọ́bà wú, á sì rà á láti inú wá. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláìǹmẹ́ǹtì, kí ẹ sì tún yẹ bóòtù wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.