Òrùka Inú Àgbo: Bí Ìwọ̀n Ṣe Ń Tú Àṣírí Ewé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí mọ̀ pé ohun kan pàtó lè jẹ́ òpó iṣẹ́ àgbo, bí ohun tí ó wà nínú ìkòkò tilẹ̀ pọ̀ tó. Báwo ni a ṣe lè dá ohun kan yẹn mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ tí ojú kò rí?

Ní Kóńgò, láàárín ọdún 1960 sí 1969, dókítà ará Norway kan, Lorents Gran, ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí ń rọbí máa ń mu omi ewéko kan tí wọ́n ń pè ní kalata-kalata kí ìbímọ lè yá. Oldenlandia affinis ni àwọn onímọ̀ ń pe ewéko náà. Gran rí i pé pẹ́pítáìdì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń mú kí ilé-ọmọ súnkì. Kalata B1 ni a mọ̀ ọ́n sí. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́, nítorí pé iná a máa ba ọ̀pọ̀ pẹ́pítáìdì jẹ́, oje inú a sì máa gé wọn wẹ́wẹ́. Èyí kò bàjẹ́ nínú omi gbígbóná.

Pẹ́pítáìdì dà bí ọ̀rọ̀. Ásíìdì amínò ni lẹ́tà rẹ̀, 20 sì ni èyí tí ohun ẹlẹ́mìí sábà máa ń lò. Ẹ̀rọ tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ náà ni mass spectrometer. Ẹ̀rọ yìí yóò fi agbára iná mànàmáná sára hóró pẹ́pítáìdì, yóò jù ú sí àyè tí kò ní afẹ́fẹ́, ìrìn rẹ̀ níbẹ̀ yóò sì fi ìwúwo rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, yóò fọ́ ọ, yóò sì wọn àwọn àfọ́kù rẹ̀. Bí àfọ́kù kan bá fi 71 wúwo ju èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ, alanine ni lẹ́tà tí ó wà láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ 99, valine ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà, 113, ni leucine àti isoleucine ní. Ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá tí kò ní àmì ohùn mọ irú ìṣòro yìí: ṣé ọkọ ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀? Ọ̀nà mìíràn ni a ó fi yà wọ́n.

Lẹ́tà 29 ni ó wà nínú kalata B1. Ní 1995 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé orí àti ìdí rẹ̀ so pọ̀ bí òrùka, tí afárá imí-ọjọ́ mẹ́ta sì dè é nínú. Ìdí nìyí tí ó fi le. Ìwọ̀n lè fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí orí àti ìdí bá so pọ̀, hóró omi kan ni ó ń jáde. Nítorí náà, òrùka fi 18 fúyẹ́ ju okùn tí ó ní lẹ́tà kan náà lọ. Bí a bá tú afárá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí a fi iodoacetamide dí ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó ṣí sílẹ̀, ìwọ̀n yóò fi 348 lé sí i. Bí a bá wá gé e níbì kan ṣoṣo, okùn yóò já sí méjì. Òrùka kò ní já sí méjì, yóò kàn là ni, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì fi 18 pọ̀ sí i.

Irú òrùka yìí kò mọ ní Kóńgò nìkan. Ní 2016, ìwádìí kan jáde lórí Rinorea dentata, ewéko tí àwọn oníṣègùn ń lò ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Àwọn olùwádìí wádìí ìlò rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì rí pẹ́pítáìdì olórùka nínú rẹ̀.

Ìwúwo ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ ewé tí ó yẹ kí a já, kò sì lè sọ bóyá ohun tí ó wọ̀n ń wo àrùn sàn. Àyẹ̀wò mìíràn ni yóò sọ ìyẹn. Bí ẹni tí ó mọ ewé bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa gba orúkọ ewé àti ìlò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ewé kan má baà di òmíràn nínú ìwé.