Ààtàn Àná Kọ́ Ni Ààtàn Òní

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ la mú wá lóṣù yìí. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ láàárín wa, ìbáà ṣe ẹni tó ní ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbin ewédú sẹ́yìnkùlé ní Muṣin, ẹkún kan náà ni wọ́n ń sun: owó ajílẹ̀ àpò ti ju apá lọ. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní 2022 gbé owó rẹ̀ sókè káàkiri ayé. Náírà tún wá já wálẹ̀ ní 2023.

A ò sọ pé ajílẹ̀ àpò ò dára o. Nínú àpò NPK 15-15-15 oníkílò 50, kílò méje àbọ̀ ni náítrójìn. Ṣùgbọ́n yanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Èkó, òjò ńlá kan lóṣù kẹfà sì lè gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò tó rí i jẹ. Ohun tó ti jẹrà ló ń di omi àti oúnjẹ mú nínú yanrìn.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Ẹ̀yìn ààtàn ni tẹ̀tẹ̀ wọn ti ń dára jù: eérú, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ á jẹrà síbẹ̀, á di ilẹ̀ dúdú. Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wá di wàhálà lónìí. Ààtàn tiwa ò kọ bátìrì, kò kọ gílóòbù, kò kọ ọ́ìlì mọ́tò. Òjé inú bátìrì kì í jẹrà. Ó ń ti ilẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀fọ́, eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ewé, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ẹni tó bá ń bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú lẹ́bàá ààtàn tàbí níbi tí mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, a bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ ṣe tiyín fúnra yín.

Ó ṣe é ṣe. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n M.K.C. Sridhar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ ìdọ̀tí ọjà Bódìjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀, Pacesetter ni wọ́n pè é. Oríṣi kan jẹ́ ìdọ̀tí nìkan. Èkejì, wọ́n lu ajílẹ̀ oníkẹ́míkà díẹ̀ mọ́ ọn. Lójú tiwa, èkejì yìí bọ́gbọ́n mu: tí ilẹ̀ bá ti jẹun, ajílẹ̀ àpò díẹ̀ ló máa fẹ́.

Ọjà ò sì jìnnà sí wa. Ní Ojúwòye, ní Ọyíngbò, ní Tẹ́júoṣó, ẹ bá àwọn ìyá alẹ́fọ̀ọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó da láílọ́ọ̀nù mọ́ ewé. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyẹn. Ẹ tò ó ní ìpele-ìpele: ewé tútù, ìràwé gbígbẹ ní ìlọ́po méjì, ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ lórí. Òkìtì tí kò bá ga tó mítà kan, tí kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní gbóná dáadáa, bẹ́ẹ̀ ooru tó tó 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń pa èso èpò àti kòkòrò àrùn. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ bu díẹ̀ lọ́wọ́: tó bá rí bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, omi rẹ̀ tó. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ má fi egungun tàbí ọbẹ̀ tó kù sí i o. Eku lẹ̀ ń pè yẹn, ta ni ò sì gbọ́ nípa ibà Lassa?

Lẹ́búlẹ́bú pákó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dáná sun ún létí ọ̀sà ní Òkò Bàbá, ó sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ má bù ú sídìí ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń jẹrà, náítrójìn inú ilẹ̀ ló ń fà mu, ewé á sì máa pọ́n. Inú òkìtì ni àyè rẹ̀ wà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù náà ń jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹrà.

Ìgbẹ́ adìyẹ yìí ni kò rọrùn láti rí nígboro. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń sin adìyẹ ní Ìkòròdú ní àwọn ń wá ẹni tó máa kó tàwọn. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kó sì mú àpò dání. Owó ọkọ̀ nìkan la ó pín.