Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín? Owó tó tọ́ sí yín rèé, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á

Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa ní Ajuwọn níbí wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ilé iṣẹ́ oníke kan lọ́nà Ìbàfò ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Àárọ̀ kùtù ló ń kúrò nílé, ó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó débẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe fún un níwèé gbélé-ẹ. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ oníròyìn, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ń sanwó fáwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn?" Ẹnì kan ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, pé kó kọ nọ́ńbà báńkì rẹ̀ àti BVN síbì kan, owó máa wọlé. Mo ní kó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Olè ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala kẹrìndínlógún. Ó wà níbẹ̀ kedere pé kí ìjọba rí i pé owó ìrànwọ́ wà fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, fún aláìsàn àti fún arúgbó. Ibi tọ́rọ̀ wá ti dojú rú ni pé abala kẹfà ìwé òfin kan náà sọ pé ilé ẹjọ́ kankan ò lè fi tipátipá mú ìjọba ṣe àwọn nǹkan tó wà ní orí kejì yẹn. Ìyẹn ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀.

Ní ìlú òyìnbó, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ṣòfin tó bí owó àìríṣẹ́ṣe, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń san án. Ní Brítéènì, ẹni tó bá ti ń san owó National Insurance nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lè gba owó tí wọ́n ń pè ní Jobseeker's Allowance fún oṣù mẹ́fà tíṣẹ́ bá bọ́. Àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. N-Power tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, tí wọ́n ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà fáwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, ètò iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ló jẹ́, kì í ṣe owó ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má sì gbé NSITF sínú ọ̀rọ̀ yìí o. Owó tí ọ̀gá ń san síbẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2010, fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ni, tàbí ẹni tí iṣẹ́ kó àìsàn bá, tàbí mọ̀lẹ́bí ẹni tó bá iṣẹ́ lọ. Kò kan ẹni tí wọ́n dá dúró.

Èwo wá ni tiwa? Owó ara yín ni. Owó pẹ́ńṣọ̀n yín.

Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó sí àpò pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ á san ìdá 8 nínú 100, ọ̀gá á san ìdá 10, ó di 18. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó pé àádọ́ta ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò tíì ríṣẹ́ mìíràn, lè gba owó tí kò ju ìdá 25 nínú 100 lọ lára ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Bóyá wọ́n lé yín ni o, bóyá ẹ̀yin lẹ fúnra yín fiṣẹ́ sílẹ̀ ni o, ó kàn yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀dọ́kùnrin yìí ṣírò. Owó oṣù rẹ̀ gan-an jẹ́ 45,000 náírà, owó ilé 25,000, owó ọkọ̀ 15,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 85,000. Owó àṣekún iṣẹ́ àti owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, mi ò kà á, nítorí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn lòfin fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù. Ìdá 8 nínú 85,000 jẹ́ 6,800, òun ni wọ́n ń yọ lówó ẹ̀. Ìdá 10 jẹ́ 8,500, ọ̀gá ló yẹ kó fi kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 15,300 lóṣooṣù. Fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn oṣù méjìdínláàádọ́ta, ó jẹ́ 734,400. Mi ò tíì ka èrè tí owó náà pa sí i, mi ò sì tíì yọ owó iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ wá pín in sí mẹ́rin: 183,600 náírà. Òun ló yẹ kó wọ báńkì ẹ̀.

Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò dà bíi ti òyìnbó tó ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdá mẹ́ta tó kù á wà níbẹ̀ de ọjọ́ ogbó rẹ̀, tó bá sì ríṣẹ́ tuntun, inú àpò kan náà ni ọ̀gá tuntun á máa sanwó sí. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún kíṣẹ́ tó bọ́, ìlànà tiẹ̀ yàtọ̀. Ti ìfẹ̀yìntì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á kò le. Ẹ wá nọ́ńbà yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n yín, tí wọ́n ń pè ní PFA, ẹ ní ẹ fẹ́ gba owó ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà ńbẹ̀. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá yín dúró dání, tàbí ìwé tí ọ̀gá fi gbà pé ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú NIN, BVN, fọ́tò àti nọ́ńbà báńkì. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, wọn á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ wá fi NIN tún àkọsílẹ̀ yín ṣe, ẹ má dúró dìgbà tí oṣù mẹ́rin bá pé kẹ́ ẹ tó lọ ṣèyẹn. PFA ló máa bójú tó ìwé yín. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé gbélé-ẹ ni wọ́n fi ń ka oṣù mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìíní niṣẹ́ tán, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà lẹ lè béèrè. Nítorí náà, ẹ má gbà kí wọ́n fẹnu lásán lé yín. Ẹ gbàwé.

Òfin òṣìṣẹ́ náà sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n fún yín kí wọ́n tó dá yín dúró. Oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Tí wọn ò bá fún yín ní ìkìlọ̀, kí wọ́n san owó ọjọ́ náà. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé lòfin yẹn dárúkọ, ti ọ̀gá inú ọ́fíìsì wà nínú àdéhùn tó bá wọn ṣe. Gratuity ńkọ́? Kò pọn dandan lábẹ́ òfin, àfi tó bá wà nínú àdéhùn yín.

Ibi tó ń dun èmi jù nìyí. Ilé ìwé ìròyìn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó nígbà kan, mi ò ní dárúkọ wọn, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ìdá 8 tèmi, ó wà lára ìwé owó oṣù mi. Nígbà tíṣẹ́ bọ́, mo dé ọ̀dọ̀ PFA, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi: ó lé lọ́dún kan tí wọn ò san kọ́bọ̀. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jalè. Òfin ní kí ọ̀gá san owó náà kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó kọjá lẹ́yìn tó sanwó oṣù. Tí kò bá san án, owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù ni wọ́n á fi kún un, àpò òṣìṣẹ́ ni ìtanràn náà sì ń lọ. PenCom ní àwọn tó ń gba irú gbèsè yìí. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ so ìwé owó oṣù yín mọ́ ọn. Èmi ti da tèmi nù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí nǹkan kan fi hàn.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní kásúà, tó kún àwọn ilé iṣẹ́ lọ́nà Mowé àti Ìbàfò, kì í sábà ní nọ́ńbà PEN rárá. Tí alágbàṣe bá wà láàárín yín àti ilé iṣẹ́, ẹ bi í léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ta ló ń san pẹ́ńṣọ̀n. Ètò pẹ́ńṣọ̀n oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019 ṣí sílẹ̀ fún télọ̀, mẹkáníìkì àti oníṣòwò láti máa dá tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kò yẹ kó máa dá nìkan ru ẹrù ọ̀gá.

Ọ̀dọ́kùnrin wa ti lọ. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀ jáde fún un: oṣù mẹ́tàdínlógójì péré ni ọ̀gá ẹ̀ san. Mọ́kànlá ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé 566,100 ló wà nínú àpò láìka èrè, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ sì jẹ́ 141,525. Àwọn ìwé owó oṣù ẹ̀ ṣì pé, ìyàwó ẹ̀ ló kó wọn sínú ike bisikíìtì kan. Ọjọ́ Mọ́ńdè la jọ máa jókòó kọ lẹ́tà sí PenCom.