ÈÉFÍN TÍ OJÚ Ò RÍ! Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Fọwọ́ Ara Yín De Hítà Mọ́ Ọkọ̀ Ojú Omi, Ẹ Rọra!

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa o! Ẹni tó bá sun inú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun níbẹ̀ lóṣù Kejìlá, omi tútù ló tẹ́ sábẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ló fi bora. Ògiri inú ọkọ̀ á máa làágùn bí ìkòkò àmù. Bẹ́ẹ̀, inú irú ọkọ̀ yìí ni àwọn kan fi ṣelé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá hítà tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì.

Webasto àti Eberspächer, ti àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì, lókìkí gan-an, àmọ́ owó wọn ga. Nígbà tí ti ilẹ̀ Ṣáínà dé lówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ onílé-inú-ọkọ̀ gbé dírìlì, wọ́n di mẹkáníìkì ara wọn. Kò burú. Àmọ́ iṣẹ́ yìí ní èèwọ̀.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àpótí kékeré ni hítà yìí, bátìrì 12 fólítì ló ń gbé e. Pọ́ǹpù á máa ta epo sí i díẹ̀díẹ̀, irin kan á pọ́n bí ẹyin iná, epo á sì gbiná nínú agolo irin tó dé pa. Fáànù á fẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá kọjá lára agolo náà, yàrá á móoru.

Afẹ́fẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: èyí tí iná ń mí, àti èyí tí èèyàn ń mí. Wọn ò gbọdọ̀ pàdé láéláé!

PÁÌPÙ ÈÉFÍN NI BABA

Èyí tó ń pani nínú iṣẹ́ yìí ni páìpù tó ń tú èéfín síta, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní salẹ́ńsà. Irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kì í ṣe rọ́bà. Ẹ fi aṣọ tí iná kì í jó wé e, torí ó máa ń gbóná burúkú. Ẹ dè é pinpin níbi gbogbo tó ti so pọ̀. Ihò tó gbà jáde gbọ́dọ̀ ga ju omi lọ, kí páìpù sì kọ́kọ́ tẹ̀ sókè bí ọrùn lékeléke, torí ọkọ̀ onígbòkun máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gbabẹ̀ wọlé.

Wáyà ńkọ́? Kó nípọn dáadáa, torí iná tí hítà ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn pọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ pa á, ẹ má ṣàdédé já bátìrì. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ara rẹ̀ tutù ná.

Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Lóṣù Kẹrin ọdún 2013, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún 10 kú sínú ọkọ̀ kan lórí adágún Windermere. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe páìpù èéfín sí. Páìpù náà já, èéfín wọ yàrá. Lóṣù Kìíní ọdún 2014, apẹja méjì kú sójú oorun ní Whitby. Sítóòfù gáàsì tí wọ́n fi ń dáná ni wọ́n tàn kí ibùsùn wọn lè móoru.

Àwọn àgbà ní èéfín nìyì iná. Àmọ́ kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì tó pa àwọn wọ̀nyí ò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹni tó wà lójú omi lè rò pé ìgbì ló ń ṣe òun!

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2019 pé púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ní ibùsùn lórí odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní aago tó ń pariwo bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá wọlé. Aago náà ò wọ́n tó ẹ̀mí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ti ilẹ̀kùn pa, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí a tó dáná, ká ti mọ ibi tí èéfín rẹ̀ máa gbà jáde.